Ìdánrawò Agunkẹ̀kẹ́ ní Ìgbà Òjò: Ilẹ̀ ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ ìdárayá, pẹ̀lú ìmọ̀ ilẹ̀ àti ojú ọjọ́
Kíláàsì: Ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìpele àkọ́kọ́
Ibi: Adja-Ouèrè àti àwọn abúlé rẹ̀, ní Plateau, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀
Àkókò: Wákàtí méjì nínú kíláàsì, wákàtí kan níta

ÈRÒǸGBÀ

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:
1. sọ bí òjò ṣe ń pín láàrin ọdún ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀;
2. fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ilẹ̀ pupa àti ilẹ̀ dúdú, kí ó sì sọ èyí tí kẹ̀kẹ́ lè gbà lẹ́yìn òjò;
3. ṣe ètò ìdánrawò ọ̀sẹ̀ kan tí òjò kò lè dàrú;
4. sọ bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lórí títì tó tutù, àti ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ jáde rárá;
5. fọ kẹ̀kẹ́ kí ó sì fi epo sí i lẹ́yìn tí ó bá ti inú ẹrẹ̀ bọ̀.

ÌMỌ̀ ÀTẸ̀YÌNWÁ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń gùn ún lọ sí oko, sí ọjà àti sí ilé ìwé. Wọ́n mọ ọ̀nà tó máa ń bàjẹ́ bí òjò bá rọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

OHUN ÈLÒ

Kẹ̀kẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìgò omi oníke mẹ́rin tí a gé sí méjì, àkísà mímọ́, ife kan, ilẹ̀ pupa díẹ̀ àti ilẹ̀ dúdú díẹ̀, agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, rúlà, búrọ́ọ̀ṣì àlòkù, ọṣẹ, epo kẹ̀kẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan.

ÌFÁÀRÀ

Olùkọ́ yóò béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé: “Ta ló gun kẹ̀kẹ́ wá sílé ìwé lónìí? Ọ̀nà wo lẹ gbà? Kí ló dé tí ẹ kò gba ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?” Ọmọ tó ti Kpoulou wá kò ní dáhùn bíi ti ọmọ tó ń gbé létí títì ní Ikpinlè. Kí olùkọ́ kọ ìdáhùn wọn sí ojú pátákó, nítorí a óò padà lò wọ́n ní Ìgbésẹ̀ Kejì.

Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ yóò sọ ìdí tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìdárayá kò fi lè gbé e ti ògiri títí òjò yóò fi lọ. Ìdí kìíní wà nínú ara. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta jókòó láìṣe nǹkan kan, agbára tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti kó jọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Òjò tiwa kì í sì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìdí kejì wà nínú ìdíje. Ní Burkina Faso, ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour du Faso, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, máa ń wáyé ní ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé tó wáyé ní Kigali, ní Rwanda, láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2025, tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Áfíríkà gbà á lálejò, kò jìnnà sí àkókò yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lágbára ní oṣù Kẹwàá, inú oṣù Kẹfà àti Keje ló ti máa ń kó agbára náà jọ. Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù òjò nìyẹn.

Òwe wa sọ pé òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gba òjò bákan náà. Òjò kan náà ló rọ̀ lóru, síbẹ̀ ọ̀nà kan lè ti gbẹ kí oòrùn tó kan àtàrí, kí òmíràn sì wà nínú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ agunkẹ̀kẹ́ kò parí sórí “Ṣé òjò máa rọ̀?” Ó gbọ́dọ̀ fi kún un pé: “Orí ilẹ̀ wo ló máa rọ̀ sí?” Ohun tí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dá lé nìyẹn.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: BÍ ÒJÒ ṢE Ń PÍN LÁÀRIN ỌDÚN

Ìgbà òjò méjì ni gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ní. Ti àkọ́kọ́, tó gùn, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Keje. Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsinmi òjò tó bọ́ sí oṣù Kẹjọ: ojú ọ̀run a ṣú, atẹ́gùn a tutù, òjò wẹ́wẹ́ a sì máa ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà òjò kejì, tó kúrú, wá láti oṣù Kẹsàn-án títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Ẹ̀ẹ̀rùn ló kù, pẹ̀lú ọyẹ́ rẹ̀, títí oṣù Kẹta mìíràn.

Òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè Pọ́bẹ̀ àti Adja-Ouèrè láàrin ọdún kan tó nǹkan bí mílímítà 1,100 sí 1,200. Omi yẹn kéré sí èyí tí ọ̀pẹ fẹ́ràn jù, síbẹ̀ Pọ́bẹ̀ ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sí láti 1922.

Kí ni mílímítà òjò kan? Bí mílímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ìbú rẹ̀ náà jẹ́ mítà kan, lítà omi kan ló dà síbẹ̀. Olùkọ́ yóò kọ ìṣirò yìí sójú pátákó: pápá ìṣeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 100, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 50, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 5,000. Bí mílímítà 40 bá rọ̀ síbẹ̀ lóru, lítà omi 200,000 ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ ibi tí omi yẹn gbà. Apá kan wọ ilẹ̀, apá kan di àgbàrá, apá kan dúró sójú kan. Ọ̀nà tí a óò gùn lówùúrọ̀ wà lọ́wọ́ apá tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí agunkẹ̀kẹ́ lo oṣù Kẹjọ dáadáa. Oòrùn kò mú, òjò kò pọ̀, ilé ìwé sì ti gba ìsinmi. Oṣù tó dára jù láti gun ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ìhà ìwọ̀-oòrùn, lọ́nà Bonou àti àfonífojì odò Ouémé, kí ó ṣọ́ra. Omi odò yẹn kì í dúró de òjò tiwa. Òjò tó rọ̀ ní àríwá ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá, odò náà a sì máa kún bo ẹ̀bá rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá. Ojú ọ̀run Adja-Ouèrè lè mọ́ gaara, kí ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún sì ti wà lábẹ́ omi.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: ILẸ̀ PUPA ÀTI ILẸ̀ DÚDÚ

Iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gé ìgò omi mẹ́rin sí méjì. Ẹ yọ ọmọrí ìgò méjì kúrò, ẹ fi àkísà dí ẹnu wọn, ẹ dojú wọn kọ ilẹ̀ sínú ìdí ìgò méjì yòókù. Ẹ da ilẹ̀ pupa sínú ọ̀kan, ẹ da ilẹ̀ dúdú sínú èkejì, kí méjèèjì dọ́gba. Ẹ bu ife omi kọ̀ọ̀kan sí wọn lórí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa wo aago, kí ẹlòmíràn máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Omi yóò tètè kán láti inú ilẹ̀ pupa. Ilẹ̀ dúdú yóò mu díẹ̀, yóò wú, yóò sì há omi tó kù mọ́ òkè.

Àlàyé. Ilẹ̀ pupa tó gbilẹ̀ láti Ṣakẹ́tẹ́ dé Pọ́bẹ̀ jẹ́ iyanrìn àti amọ̀ tó dàpọ̀. Omi ń rí àyè gbà láàrin rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, òkè rẹ̀ a máa yọ̀, àgbàrá a sì máa gbẹ́ ipa sí i. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dá, tí oòrùn yọ fún wákàtí mélòó kan, kẹ̀kẹ́ lè padà gbà á.

Ilẹ̀ dúdú yàtọ̀. Ó wà ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí àwọn Ọ̀họ̀rí ń gbé, ní àríwá Pọ́bẹ̀ àti ní ìhà Massè. Amọ̀ lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń là, ó sì máa ń le koko. Bí òjò bá mu ún, ó wú, ojú ibi tó là dí pa, omi sì dúró sórí rẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ taya bí iyán tí a kò fi omi sọ́wọ́ kí a tó bù ú. Yóò kún àárín taya àti mọ́dígáàdì, yóò sì há kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹni tó ń gùn ún yóò fi gbé e kọ́ èjìká.

Ilẹ̀ yìí ti ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ìtàn. Nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé láàrin 1914 sí 1916, àbàtà àti ẹrẹ̀ dúdú yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ó ṣòro fún ọmọ ogun láti dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà òjò. Bí ó bá lè dá ọmọ ogun dúró, kí agunkẹ̀kẹ́ má bá a jà.

Olùkọ́ yóò padà sí ìdáhùn tó kọ sójú pátákó ní ìbẹ̀rẹ̀. Kíláàsì yóò pín àwọn ọ̀nà náà sí ọ̀wọ́ mẹ́ta:

Ọ̀wọ́ A, ọ̀nà ọlọ́dà. Èyí tó ti Àjàṣẹ́ wá, tó gba Ṣakẹ́tẹ́, Ikpinlè àti Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu, ló ṣe pàtàkì jù. Òjò kì í dí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì wà ní Massè àti ní Onigbolo, ọkọ̀ akẹ́rù wọn sì wúwo.

Ọ̀wọ́ B, ọ̀nà ilẹ̀ pupa. Ẹ dúró kí ó fà, kí ẹ tó gùn ún.

Ọ̀wọ́ D, ọ̀nà ilẹ̀ dúdú àti àkùrọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ kò bá mọ ọ̀wọ́ tí ọ̀nà kan wà, ẹ bi àgbẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. “Ẹ kú òjò o, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ọ̀nà ṣe rí níwájú?” Àgbẹ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń rì. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín ní abúlé kan pé ọ̀nà sé nítorí orò, ẹ yípadà láìjiyàn.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: WÁKÀTÍ NI KÍ Ẹ KÀ, Ẹ FI KÌLÓMÍTÀ SÍLẸ̀

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, agunkẹ̀kẹ́ lè sọ pé òun fẹ́ gun kìlómítà 30. Nígbà òjò, ìlérí bẹ́ẹ̀ máa ń kó ni sí wàhálà. Ẹrẹ̀ àti atẹ́gùn yóò fà á sẹ́yìn, yóò wá máa sáré ní ibi tó yọ̀ kí ó lè bá iye rẹ̀. Ọkàn àti iṣan kò mọ kìlómítà. Bí iṣẹ́ ṣe le tó àti bó ṣe pẹ́ tó ni wọ́n mọ̀. Wákàtí kan nínú ẹrẹ̀ pupa lè fún ẹsẹ̀ ní iṣẹ́ ju wákàtí kan lórí ọ̀dà lọ, bí kẹ̀kẹ́ kò tilẹ̀ rìn jìnnà.

Báwo la ṣe ń wọn líle iṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ? Gunnar Borg, onímọ̀ ará Sweden, fi hàn pé ènìyàn lè fi nọ́ńbà sọ bí iṣẹ́ ṣe le tó lára òun. Ìwọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20. Ní kíláàsì yìí, ohùn ẹnu la óò lò:

Ìpele 1: ẹ lè kọrin. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́.
Ìpele 2: ẹ kò lè kọrin mọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ gbólóhùn tó pé.
Ìpele 3: ọ̀rọ̀ méjì sí mẹ́ta ni ẹ lè sọ kí èémí tó gé e.
Ìpele 4: ẹ kò lè sọ nǹkan kan.

Ìpele 1 àti 2 ló yẹ kí ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀. Ìpele 3 kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìpele 4 kò ní iṣẹ́ kankan lórí títì tó tutù, nítorí ẹni tí èémí rẹ̀ ti gé kì í rí kòtò.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: ÈTÒ Ọ̀SẸ̀ KAN

Ọjọ́ Ajé: ìsinmi. Ẹ yẹ kẹ̀kẹ́ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ìṣẹ́jú 45 lórí ọ̀wọ́ A, níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀. Ìṣẹ́jú 10 ní Ìpele 1. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 3 ní Ìpele 3, ìṣẹ́jú 2 ní Ìpele 1, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìṣẹ́jú 10 ní Ìpele 1 láti fi parí.

Ọjọ́rú: ìṣẹ́jú 30 nínú ilé tàbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jókòó-dìde 15, lẹ́ẹ̀mẹta. Gígun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo lọ, sọ̀kalẹ̀, 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí ẹ̀yìn tẹ́jú, fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fo okùn títí àkókò yóò fi pé.

Ọjọ́bọ̀: wákàtí kan ní Ìpele 2 lórí ọ̀wọ́ B, bí ilẹ̀ bá ti fà. Ọgbọ́n ọwọ́ ni ẹ ń kọ́ lọ́jọ́ yìí: bí a ṣe ń yan ipa tó le, bí a ṣe ń yí láìfọwọ́ kan bíréèkì, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ kí a tó ṣubú.

Ọjọ́ Ẹtì: ìsinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: wákàtí méjì ní Ìpele 1 sí 2. Ẹ jáde ní ìdájí bí ojú ọ̀run bá mọ́, kí ẹ sì gun bírípo tí kò jìnnà sílé. Ẹ tún un gùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, dípò ọ̀nà gígùn kan tí òjò lè ká yín mọ́ ní òpin rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹ yàgò fún ọ̀nà ọjà.

Ọjọ́ Àìkú: ìṣẹ́jú 30 ní Ìpele 1, tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ rìn.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 285, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 45. Ìṣẹ́jú 15 péré ló le gan-an nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yóò ṣe ìdajì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́.

Òfin pàṣípààrọ̀. Ọjọ́ tí a kọ sókè yìí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Bí òjò bá rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ṣe iṣẹ́ Ọjọ́rú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ ní Ọjọ́rú. Bí òjò òru bá ba ọ̀wọ́ B jẹ́, ẹ gbé iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ lọ sí ọ̀wọ́ A, ní Ìpele 2 náà. Bí òjò bá rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ tún iṣẹ́ inú ilé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iṣẹ́ ọjọ́ méjì kún ọjọ́ kan.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: LÓRÍ TÍTÌ TÓ TUTÙ

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbígbẹ ló léwu jù. Eruku, epo ọkọ̀ àti rọ́bà taya ti wà lójú ọ̀dà. Omi díẹ̀ yóò gbé wọn dìde, títì yóò sì máa yọ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, omi yóò ti fọ púpọ̀ lọ. Ẹ kíyè sí ọ̀dà funfun tí a fi sàmì sí títì, irin ojú gọ́tà, ewé tó tutù, èèpo ẹ̀gẹ́, àti ẹrẹ̀ tí taya ọkọ̀ akẹ́rù gbé wá láti ọ̀nà oko. Ẹ tún kíyè sí etí títì níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ má gun inú omi tó dúró, nítorí ojú kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bíréèkì tó ń di rììmù mú kì í ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ó bá tutù. Rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu omi kúrò lára rììmù. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè, ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tiwájú àti tẹ̀yìn papọ̀. Ẹ parí ìtẹ̀ yín kí ẹ tó dé kọ́nà. Nínú kọ́nà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa lọ, kí pẹ́dàlì tó wà ní ìta kọ́nà wà nísàlẹ̀.

Ìṣirò fún pátákó. Ẹni tó ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 5.6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní kìlómítà 30, mítà 8.3 ni. Bí ó bá gba ojú àti ọwọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí bíréèkì tó mú, mítà yẹn ti lọ láìsí ìdínkù kankan. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá dín eré kù díẹ̀ ti dín ewu kù púpọ̀.

Ẹ yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú taya, kí ó lè fẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má rọ̀ débi tí rììmù yóò fi máa kan kòtò. Ẹ dé akoto. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, pupa tàbí òféèfèé. Aṣọ dúdú kò hàn nínú òjò. Ẹ gbé iná sí iwájú àti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kódà lọ́sàn-án.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Agunkẹ̀kẹ́ tó bá ṣubú, kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn fún ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ó kúrò lójú títì, kí ó tó wo ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó padà wo ohun tó gbé e ṣubú, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: MÀNÀMÁNÁ ÀTI ÀRÁ

Òjò kò ní kí a má jáde. Àrá ló ní bẹ́ẹ̀. Ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìmọ́lẹ̀ mànàmáná ń dé ojú wa lójú ẹsẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ títí ẹ óò fi gbọ́ àrá. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí kìlómítà kan.

Bí kíkà yín kò bá tó 30, ìjì náà kò tó kìlómítà 10 sí yín. Ẹ dúró, ẹ wọ inú ilé tó ní ògiri àti òrùlé, tàbí inú ọkọ̀ tí ara àti òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin. Ẹ má padà sórí kẹ̀kẹ́ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó dún kẹ́yìn. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró láàrin pápá, ìbáà ṣe ìrókò tàbí ọ̀pẹ. Bí kò bá sí ilé nítòsí, ẹ kúrò lórí ibi gíga, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ kí ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sì jìnnà síra yín.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: OÚNJẸ, OMI ÀTI ARA

Nínú òjò, òùngbẹ kì í tètè gbẹ ni, síbẹ̀ ara ń làágùn. Ẹ gbé omi dání, kí ẹ sì máa mu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ mu. Fún ọ̀nà wákàtí méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà àti ọsàn tó. Kí ẹ tó jáde, ẹ̀kọ àti àkàrà dára. Bí ẹ bá dé, ẹ̀wà tàbí ẹja yóò tún iṣan ṣe. Gààrì pẹ̀lú ẹ̀pà náà kò burú. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni, kí ó pa ìdánrawò tì, kí ó mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà: ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan.

Aṣọ tutù àti atẹ́gùn lè mú otútù bá ni ní Adja-Ouèrè pàápàá, nígbà tí a bá dúró. Ẹ fi ọ̀rá di aṣọ gbígbẹ kan dání. Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ aṣọ tutù, ẹ wẹ̀, ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti itan gbẹ, nítorí ibẹ̀ ni ara ti máa ń bó. Bí ẹ bá fara pa, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú egbò. Bí ẹrẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ ìdènà ipá.

ÌGBÉSẸ̀ KẸJỌ: ÌTỌ́JÚ KẸ̀KẸ́

Níta, olùkọ́ yóò ṣe é kí kíláàsì rí i, lẹ́yìn náà kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀.

1. Ẹ da omi sí kẹ̀kẹ́ kí ẹrẹ̀ rọ̀. Ẹ má fi omi tó ń tú pẹ̀lú agbára kọlu àárín taya àti ìdí pẹ́dàlì. Yóò lé gíríìsì jáde.
2. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ṣéènì, jíà àti rììmù.
3. Ẹ wo rọ́bà bíréèkì. Ẹ yọ òkúta wẹ́wẹ́ tó há sí i, nítorí iyanrìn inú òjò ń jẹ rọ́bà àti rììmù kíákíá.
4. Ẹ nu ṣéènì gbẹ. Ẹ kán epo sí i lẹ́kan lẹ́kan, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn, kí ẹ sì nu èyí tó ṣẹ́kù lójú rẹ̀. Epo tó pọ̀ jù ń kó iyanrìn jọ.
5. Ẹ fi ọwọ́ wá ẹ̀gún àti àfọ́kù ìgò lára taya.
6. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí ibi gbígbẹ.

ÌBÉÈRÈ TÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ LÈ BÉÈRÈ

“Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́ wa, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mò ń gùn, jíà kan ló ní. Ṣé mo lè ṣe é?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ètò yìí kò béèrè ju pé kí bíréèkì méjèèjì mú, kí taya má sì pá.

“Ṣé òjò ló ń fa ibà?” Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, òjò ń ṣe ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́. Kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò.

“Bí ojú ọ̀run bá mọ́ ṣùgbọ́n òjò rọ̀ lánàá ńkọ́?” Kí o wo agolo òjò rẹ, kí o wo ọ̀wọ́ ọ̀nà náà, kí o sì wo ohun tí o kọ nígbà tí irú òjò bẹ́ẹ̀ rọ̀ kẹ́yìn.

OHUN TÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ YÓÒ KỌ SÍLẸ̀

Ìgbà òjò méjì la ní, oṣù Kẹjọ sì wà láàrin wọn. Ilẹ̀ pupa ń fà; ilẹ̀ dúdú ń há omi mọ́ra. Wákàtí àti líle iṣẹ́ ni a ń kà. A lè pààrọ̀ ọjọ́, a kì í sọ ọjọ́ méjì di ọ̀kan. Àrá tí a bá gbọ́ kí a tó ka 30 ti ní kí a wọlé. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti ẹrẹ̀ bọ̀, ọjọ́ náà la ń fọ̀ ọ́.

ÌGBÉLÉWỌ̀N

1. Kí ló fà á tí odò Ouémé fi lè kún nígbà tí òjò kò rọ̀ ní Adja-Ouèrè?
2. Mílímítà 30 rọ̀ sórí pápá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 100, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 60. Lítà mélòó ni?
3. Ẹ ka 18 láàrin mànàmáná àti àrá. Báwo ni ìjì náà ṣe jìnnà tó? Kí lẹ óò ṣe?
4. Kí nìdí tí a fi ń tẹ bíréèkì rììmù láti òkèèrè bí títì bá tutù?
5. Òjò rọ̀ ní òru Ọjọ́rú mọ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣe àtúnṣe sí ètò ọ̀sẹ̀ náà.

Ìdáhùn fún olùkọ́: (1) omi òjò àríwá ló ń sọ̀ kalẹ̀; (2) lítà 180,000; (3) mítà 6,120, kìlómítà mẹ́fà lé díẹ̀; kí a wọ ilé, kí a dúró di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn; (4) rọ́bà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu omi kúrò lára rììmù; (5) ìdáhùn tó bá lo ọ̀wọ́ A tàbí iṣẹ́ inú ilé láìfi ọjọ́ méjì pọ̀ dára.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Gbé agolo kan sí gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé. Ní agogo méje àárọ̀, fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, kọ iye mílímítà sílẹ̀, kí o sì dà á nù. Lọ wo ọ̀nà pupa kan àti ọ̀nà dúdú kan tó súnmọ́ ilé yín, kí o kọ wákàtí tí kẹ̀kẹ́ padà gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kíláàsì yóò kó gbogbo àkọsílẹ̀ pọ̀, a óò sì fi ya àwòrán ọ̀nà Adja-Ouèrè tí yóò sọ, fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, iye òjò tó lè dí i àti iye wákàtí tó ń gbà kí ó tó fà. Àwòrán náà yóò wà lára ògiri kíláàsì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ jáde.